Ótò Kò Tíì Jẹun

Ajá ìyá àgbà tí mo lọ bá ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí mi, kí ìyá náà fúnra ẹ̀ tó rí mi. Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dúdú, ó ga tó ewúrẹ́ abiyamọ, kò gbó, kò ju ìrù. Ó kàn tẹjú mọ́ mi. Àwọn ajá Akaka Rẹ́mọ tí wọ́n bí mi sí, bí wọ́n bá rí àjèjì, wọ́n á gbó, àjèjì á sọ òkò, ọ̀rọ̀ á parí. Èyí kò gbó. Ó ń wò mí bí ọlọ́pàá tó ti gba lẹ́tà nípa mi kí n tó dé. Mo sọ nínú ara mi pé, ẹni tó ni ajá yìí, kí ló sọ fún un?

Ẹ bá mi fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Ó ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n òtútù ti fẹ́ẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ìtàn ọ̀nà gùn, ìtìjú inú ẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí àgbàlagbà ń sọ síta. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìgbà tí bẹntiróòlù di góòlù nílé ni, tí èèyàn ń sùn síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá ní Ṣágámù pa ààrò ẹ̀, ọ̀gá wa ní ká máa lọ sílé ná. Mo lọ jìnnà ju ilé lọ. Ìbátan mi kan tó wà ní ìlú ńlá wọn lọ́hùn-ún ló bá mi gbọ́ pé ìyá àgbà òyìnbó kan ń wá ọkùnrin tí yóò máa la igi ìdáná, tí yóò máa kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, tí yóò sì máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ yóò fi yọ́.

Abúlé ni. Oko ni ká kúkú pè é. Ilé tó tẹ̀lé tiwa jìnnà bí ẹni pé èèyàn wà ní Akaka, kí aládùúgbò ẹ̀ wà ní Irolu, kò sì sí ọ̀kadà kankan láàárín.

Mo ti rí yìnyín rí. Èyí tó máa ń já lu páànù nígbà òjò, táwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Ti ibẹ̀ yàtọ̀. Kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura. Kí nǹkan tó tó báyẹn bọ́ láti ojú ọ̀run, kó bo ọgbà, kó bo igi, kó bo ọ̀nà tí mo gbà dé, kó má sì dún pín-ín! Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ṣílẹ̀kùn, ayé ti parẹ́. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo ka ìka ọwọ́ mi. Wọ́n pé.

Màmá Hẹ́dà ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ga, ó gbẹ bí igi àgbàlá, ṣòkòtò ọkọ ẹ̀ tó ti kú ló ń wọ̀. Kò bímọ. Òun, ajá tó ń jẹ́ Bọ́sì, ológbò eléérú kan tó ń jẹ́ Mínkà, àti adìyẹ mẹ́sàn-án nínú ilé pákó, gbogbo agboolé nìyẹn. Fọ́tò ọkọ ẹ̀ wà lára ògiri ilé ìdáná: ọkùnrin onírùngbọ̀n, ojú ẹ̀ tutù. Ótò lorúkọ ẹ̀. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi ńlá kan lẹ́yìn ilé, ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá yìnyín kúrò lójú oórì náà bí obìnrin ilé wa ṣe ń gbá iwájú ilé láàárọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Mo ní, ìyá yìí mọ ohun tó yẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo ti jókòó sórí àga, mo ti di ọwọ́ mi mú, mò ń dúró de tíì. Ó ní,

“Mú sùúrù díẹ̀. Ótò kò tíì jẹun.”

Mo wo fọ́tò. Mo wo ojú fèrèsé tí oórì wà. Màmá Hẹ́dà nawọ́ sókè sí pẹpẹ tó wà lókè sítóòfù onígi, ó gbé ìgò kan sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun dí lẹ́nu. Ohun kan wà nínú ẹ̀, ó funfun, ó ki bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ó sì ń mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ní ó ń mí! Kò sí iná lábẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ ojú kéékèèké ń là lára ẹ̀, wọ́n ń pajú dé, òmíràn ń là. Ó bu ìyẹ̀fun sí i, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, ó ń rò ó, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá ẹ̀, èyí tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

“Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ta ni Ótò?”

Ó fi ṣíbí tọ́ka sí ìgò. “Òun nìyí.”

“Kì í ṣe ti ara ògiri ni, Mà?”

“Ìyẹn ni ti àkọ́kọ́,” ló wí, ó rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ funfun bò ó padà.

Tíì mi tutù síwájú mi. Mi ò mu ún.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo di lọ́yà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Ìyá àgbà. Ó ń dá gbé. Kò bímọ. Ológbò ń sùn lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ajá kan wà tí kì í gbó, tó ń tẹ̀lé mi dé ibi tí mo ti ń la igi, tó ń tẹ̀lé mi dé ọ̀dọ̀ adìyẹ, tó tilẹ̀ ń jókòó sẹ́nu ilé ìwẹ̀ títí mo fi jáde. Ìgò kan wà tó ń jẹ́ orúkọ òkú, ó sì ń jẹun láàárọ̀ ṣáájú àlejò. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ yẹn wá síwájú ilé èyíkéyìí ní Rẹ́mọ, ta ló máa dá a láre?

Láti ọjọ́ náà mi ò jẹ búrẹ́dì ìyá náà mọ́. Ẹ gbọ́ o, èmi tí mo fi búrẹ́dì tọ́mọ! Ó ń yan án lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èèpo ẹ̀ dúdú, inú ẹ̀ ní ihò, ó tóbi bí orí ọmọdé. Mo sọ fún un pé búrẹ́dì kì í bá mi lára mu. Tó bá gbé e síwájú mi tipátipá, mo ń yọ́ ọ fún Bọ́sì lábẹ́ tábìlì, màá sì wá máa wo Bọ́sì títí dọ̀la bóyá nǹkan máa ṣe é. Nǹkan kan ṣoṣo tó ṣe é ni pé ó sanra.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Tẹlifóònù kò sí ní Akaka nígbà náà. Fọlákẹ́ á ti ṣọ́ọ̀ṣì gun ọ̀kadà lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, sí ilé tísà kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀ tó ní fóònù, á sì jókòó tì í títí màá fi pè. Ilé ìdáná Màmá Hẹ́dà ni tiwa wà, lára ògiri, gẹ́ẹ́ lábẹ́ pẹpẹ yẹn.

“Ẹ̀lóò! Bàbá Bùkọ́lá! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́ ẹ. Má pariwo.”

“Ta ni mo fẹ́ jí? Àbí ìyá yẹn ń gbọ́ Yorùbá ni?”

“Kì í ṣe ìyá náà ni mò ń sọ. Nǹkan kan wà lórí pẹpẹ, lókè orí mi níbi tí mo dúró sí.”

“Nǹkan bí i kí ni?”

“Mi ò lè ṣàpèjúwe ẹ̀. Ó wà nítòsí.”

Mo gbọ́ ohùn tísà lẹ́yìn ẹ̀.

“Tísà ní ṣé ẹ ń jẹun dáadáa.”

“Ẹyin ni mò ń jẹ.”

“Ẹyin nìkan?”

“Adìyẹ tó yé e ni mo mọ̀.”

Fóònù já. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń já, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé ìdákẹ́jẹ́ ń pa mí. Ní Akaka, kí n tó dé ibi tí mo ti ń fọ ẹnu, èèyàn mẹ́fà á ti kí mi: ṣé dáadáa lẹ jí, ará ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́. A máa ń rò pé ariwo ni. Lọ́hùn-ún, àwọn adìyẹ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí. Mo ń ṣí ilé wọn, mo ń wí pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ sùn re?” mo sì ń dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí ìdáhùn. Ó yẹ kí ẹni tó ń kí adìyẹ ní òye ẹni tó ń kí ìgò. Kò wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rù kì í fi àyè gba ìrònú púpọ̀.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Màmá Hẹ́dà yọ̀ lórí omi dídì lẹ́nu ọ̀nà, egungun ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ sán. Mo gbé e wọlé, ó fúyẹ́ bí àpò ẹ̀pà òfìfo. Mo pe Dénìsì, ọkùnrin tó ni ilé kejì, ó gbé ọkọ̀ ńlá ẹ̀ wá. Bí a ṣe ń gbé ìyá náà sínú ọkọ̀, ó gbá ọwọ́ aṣọ mi mú.

“Ajá lè fara da ebi. Ológbò á wá eku. Ótò ni kò lè fara dà á. Lójoojúmọ́, ìyẹ̀fun ife kan, omi ife kan. Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Ìwọ nìkan ló wà nílé báyìí. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Mà.”

“Ṣèlérí fún mi.”

Mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ròyìn fún Fọlákẹ́. Mo ti fa wáyà fóònù jìnnà sí pẹpẹ bó ṣe lè lọ.

“Ẹ tún un sọ,” ló wí. “Ta ló fún un?”

“Ìyá ẹ̀.”

“Ìyá ẹ̀ fún un. Òun náà wá ń fún yín. Ó bímọ?”

“Kò bímọ.”

“Háà! Bàbá Bùkọ́lá, ṣé ẹ ò rí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà ni? Ó ti ń wá ẹni tó máa gbé e fún! Ẹ ò gbọdọ̀ bọ́ ọ o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ ti gbà á nìyẹn. Ṣé ẹ ti bọ́ ọ?”

“Rárá o.”

“Ẹ gbé e síta. Ẹ má fọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ ó ti jáde. Ẹ rọra gbé e síta, kí òtútù ibẹ̀ bá yín ṣe é.”

Ẹ wo obìnrin tó ń ta obì ní Akaka, tí kò rí yìnyín rí, ó ti mọ ohun tí yìnyín wúlò fún.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ onírun méjì lórí ara wọn. Mo fi tówẹ̀lì wé ìgò náà, mo nawọ́ jìnnà sí àyà, mo ń ka Sáàmù bọ̀ lẹ́nu, mo gbé e lọ sí abà igi lẹ́yìn ilé, mo fi sẹ́yìn òkìtì igi tí mo là fúnra mi. Bọ́sì tẹ̀lé mi, ó ń wò mí. Nígbà tí mo fẹ́ yísẹ̀ padà, mo ní, “Ótò, ẹ má bínú.” Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi “ẹ” sí i. Bàbá onírùngbọ̀n ni ní fọ́tò, mi ò lè máa fi “o” bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni mo kọ́kọ́ gbádùn ilẹ̀ náà. Mo ń sọ ọ́ báyìí, ojú ń tì mí. Mo dáná rẹpẹtẹ. Mo se ọ̀dùnkún, mo dín ẹyin, mo gbé àga sún mọ́ fèrèsé. Yìnyín ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú igi àràbà, igi gbogbo wọ funfun bí ọmọ ìjọ, iná ń ta pàrà nínú sítóòfù. Mínkà gun orí itan mi láìgbàṣẹ, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó jìnnà. Mi ò lé e. Mo ní ọkàn mi balẹ̀ torí pé mo ti lé ohun búburú jáde.

Ọjọ́rú ni Dénìsì wọlé, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà.

“Màmá ń kí ọ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa dá a sílẹ̀. Ó ní kí n bi ọ́ nípa Ótò.”

“Ó wà.”

“Ó ní ṣé ó ń wú dáadáa?”

“Ó ń… ó wà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò fọwọ́ kan búrẹ́dì ọsibítù láti ọjọ́ yìí. Ó ní bí rọ́bà ló rí. Gbàrà tó bá délé, tiẹ̀ ló fẹ́ jẹ.”

“Kí ni tiẹ̀?”

“Búrẹ́dì Ótò, kí tún ni? Kò ra yíìsì rí láyé ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló gbé nǹkan yẹn kọjá òkun nínú àpótí aṣọ. Gbogbo wa ló fún nínú ẹ̀ nígbà kan, ìyàwó mi náà gbà, gbogbo wa la jẹ́ kó kú. Tiẹ̀ nìkan ló kù.” Ó wo pẹpẹ, ó wò mí. “O gbé e sí ibòmíràn?”

“Òtútù,” mo ní. “Mo gbé e kúrò nínú òtútù.”

Irọ́ yẹn ga ju mi lọ.

Ó lọ tán, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá nílé búrẹ́dì! Nígbà tí yíìsì alágolo kò wọ ìlú mọ́, ta ni ọ̀gá ń rán lọ sí Likosi lórí kẹ̀kẹ́, lọ́dọ̀ adẹ́mu, láti lọ gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu wá tí a fi ń mú fúláwà wú? Èmi ni. Ta ló máa ń bu díẹ̀ pamọ́ nínú àpòpọ̀ àná fún ti ọ̀la? Èmi náà ni. Ìwúkàrà inú Bíbélì, mo ti kà á sókè rí níwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn dí imú mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, mi ò sì jẹ́ kí ìgò yẹn sún mọ́ mi débi tí n óò fi gbóòórùn ẹ̀ rí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé ó wà láàyè. Báyìí, ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti kú.

Mo sáré dé abà. Ìgò ti là sí méjì. Ohun inú ẹ̀ ti di òkúta. Ohun tí obìnrin kan gbé kọjá òkun, tí ọmọ ẹ̀ bọ́ títí ó fi lé lọ́gọ́rin ọdún, tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ péré.

Mo ṣa àfọ́kù ìgò kúrò lára ẹ̀, mo gbé òkúta náà sínú abọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ó yọ́ di irọ̀lẹ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, omi eléérú léfòó lórí ẹ̀. Mo tẹ̀ba, mo fi imú sí i. Lábẹ́ òórùn òtútù yẹn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo gbọ́ òórùn ẹmu àná. Òórùn Likosi ni! Omi bọ́ lójú mi sínú abọ́. Mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ inú ẹ̀ ṣe é ní nǹkan.

Mo ṣe bí ọ̀gá wa ṣe máa ń ṣe fún àpòpọ̀ tó bá ṣàìsàn: mo da èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ nù, mo fún ìyókù ní fúláwà díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, mo rọ ọ́ sínú ìgò jáàmù, mo fi aṣọ funfun bò ó. Nítorí pé ìyá náà máa ń bá a sọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ yọ ohunkóhun kúrò. Mo ní, “Ótò, ẹ kú àtijọ́. Èmi ni. Èmi tí mo gbé yín síta.” Mo ṣàlàyé ara mi. Mo sọ ti Fọlákẹ́, mo sọ ti Akaka, ti obì tó ń já bọ́ lẹ́yìn ilé wa tí kò sẹ́ni tó ń ṣà á nítorí pé èmi kò sí nílé. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò tíì sọ Yorùbá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́bọ̀, kò mí. Mo bọ́ ọ. Mínkà wá, ó ká ara ẹ̀ mọ́ ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó sùn. Ìgbà kan wà tí mo fi máa pariwo lé e kúrò lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Mínkà, má dìde o, mo bẹ̀ ọ́.” Bọ́sì na ara ẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa. Gbogbo wa ń ṣọ́ aláìsàn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ojú kan là. Ẹyọ kan, kékeré, létí ìgò. Mo wò ó, ó pajú dé. Mo mú ìdọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, ẹ̀yìn dí mi lọ́wọ́. “Ótò, ẹ káàárọ̀, Sà!” Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fi mọ́, ó ti gun ìgò dé ọrùn.

Ìgbà tí Dénìsì gbé Màmá Hẹ́dà wọlé lọ́jọ́ Àìkú, tòun ti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń de egungun lẹ́sẹ̀, búrẹ́dì méjì ti wà lórí tábìlì, wọ́n ṣì gbóná. Dénìsì padà lọ. Ìyá náà fi bọ́tà sí i, ó jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò wò mí.

“Ó yàtọ̀,” ló wí.

“Báwo, Mà?”

“Ó rọ̀ jù. Ó sì ń dùn.”

“Mo fi ṣúgà sí i, Mà. Bí a ṣe ń ṣe é ní Ṣágámù nìyẹn.”

Ó tún jẹ. Ó gbójú sókè sí pẹpẹ, ó rí ìgò jáàmù. “Ìgò ẹ̀ dà?”

Mínkà wà lórí itan mi. Bí mo bá ní ológbò ló gbá a ṣubú, ta ló máa jiyàn? Mo tilẹ̀ lanu. Mínkà gbójú sókè, ó wò mí, ẹnu mi sì yà sọ́nà mìíràn. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Abà, ìbọ̀wọ́ méjì, Sáàmù, irọ́ tí mo pa fún Dénìsì. Mo sọ ohun tí àwọn ará ilé wa máa ń rò nípa ìyá àgbà tó ń dá gbé, tó ní ológbò, tó ń bọ́ nǹkan.

Mo ti ń ro àpótí mi lọ́kàn.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí o dé,” ló wá ní, “mo ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní kọ́kọ́rọ́. Dénìsì ní kí n má gbà ọ́ sílé. Mo sọ fún Bọ́sì pé kó máa ṣọ́ ọ, kó má gbójú kúrò lára rẹ.”

Gbogbo wa wo ajá náà. Ó ti sùn sórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó ń hanrun.

“Ìgbà wo lẹ wá sọ fún un pé ó tó, Mà?”

“Mi ò sọ fún un. Òun fúnra ẹ̀ ló dáwọ́ dúró.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú un, ó wá mú èmi náà. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú. Ó ní ọkọ òun ló ń bọ́ nǹkan náà láàárọ̀ fún ogójì ọdún. Lẹ́yìn ìgbà tó kú, òun jí lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tí òun fẹ́ kí káàárọ̀. Ló bá fi orúkọ ọkọ ẹ̀ kí ìgò.

Mo ní, “Èmi, adìyẹ ni, Mà.”

Ìyókù òtútù yẹn, ẹ má jẹ́ n purọ́, ó dùn. Ìyá náà á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, á máa bú mi: “Má pò ó bí ẹni ń bá a jà!” Èmi á máa pò ó, ìyẹ̀fun á kún irun Mínkà, yìnyín á máa bọ́ níta, mi ò ní bi í mọ́ pé kí ló dé tí kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí mo ń padà sílé, ó tẹ́ Ótò sórí bébà pẹlẹbẹ, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó dì í sínú àpòòwé fún mi. “Ìyẹ̀fun ife kan, omi ife kan,” ló wí. Kò ní kí n ṣèlérí lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí Fọlákẹ́ rí i lórí pẹpẹ ilé ìdáná wa ní Akaka, ó lọ sí Irolu lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó padà, ó ní òun á gbélé, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kàn án. Mo mọ ààrò alámọ̀ sẹ́yìn ilé. Àwọn kan ń ra búrẹ́dì mi. Àwọn kan ń fi Bíbélì lé e kí wọ́n tó gé e, mi ò bá wọn wí.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, lẹ́tà Dénìsì dé. Fọlákẹ́ ló kà á sókè nítorí pé ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Màmá Hẹ́dà ti kú, lójú oorun, láàárín òtútù. Wọ́n ti ilé náà pa. Bọ́sì àti Mínkà wà lọ́dọ̀ òun. Nínú ìsìnkú àti wàhálà, kò sẹ́ni tó rántí ìgò orí pẹpẹ, ìgbà tí ìyàwó òun fi rántí, ó ti hu èébu, ó ti gbẹ. Ó ní ìyàwó òun ń béèrè, bóyá tiwa ṣì wà.

Fọlákẹ́ ká lẹ́tà náà. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo gbọ́ tí ìdérí agolo fúláwà ṣí, mo gbọ́ tí ó ń bu omi.

Ní àárọ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Ṣèyí, ọmọ ìjọ wa tí ilé ẹ̀ kọjú sí tiwa, wá ra búrẹ́dì. Ó dúró sí ìta, ó fi ọwọ́ di ìborùn ẹ̀ mú.

“Bàbá Bùkọ́lá, ẹ má bínú o. Wọ́n ní nǹkan kan wà tí ẹ̀ ń bọ́ nínú ilé.”

Kí n tó dáhùn, ohùn ìyàwó mi ti jáde láti ilé ìdáná: “Ta nìyẹn? Ẹ ní kí wọ́n mú sùúrù, Ótò kò tíì jẹun!”

Màmá Ṣèyí wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí. Ó wo ajá wa tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò gbó. Mo mọ ojú yẹn. Mo ti gbé e wọ̀ fún odindi oṣù méjì.

Mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àyè lè gbà á láti wọlé.